Ilẹ̀ Tí A Rà, Ilẹ̀ Tí A Jogún: Ẹ Jẹ́ Ká Fi Díẹ̀ Sílẹ̀ fún Ẹran àti Ẹyẹ

Ọ̀RỌ̀ OLÓÒTÚ

Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà bá ti pé, gbogbo Togo a máa gbin igi. Láti ọdún 1977 ló ti ń lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀gá ìjọba á mú ṣọ́bìrì, àwọn ọmọ ilé-ìwé á gbé korobá omi, wọ́n á ya fọ́tò, kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí èyí. Igi gbíngbìn dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin olóyè wa, ẹ̀yin ìyálọ́jà, àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni pé: igi tó ti wà lórí ilẹ̀ wa tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹran tó ń sá sábẹ́ rẹ̀ àti ẹyẹ tó ń sùn lórí rẹ̀ ńkọ́? Ta ló ń gbèjà wọn lọ́jọ́ tí awọnlẹ̀ bá dé tòun ti okùn àti òpó sìmẹ́ńtì?

Àwa tí à ń gbé, tí a sì ń ṣiṣẹ́ lágbègbè Zone Franche mọ ohun tí à ń wí. Láti ọdún 1989 tí òfin ti dá Zone Franche sílẹ̀ ní Togo ni ilé-iṣẹ́ ti ń pọ̀ sí i lẹ́bàá èbúté Lomé. A ò ní purọ́, oúnjẹ wà níbẹ̀. Ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, ìyá wa tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu géètì, awakọ̀ tó ń kó ẹrù jáde ní èbúté, gbogbo wọn ló ń jẹ níbẹ̀. Ní 2021 wọ́n tún ṣí ti Adétikopé ní ìhà àríwá ìlú, nǹkan bí 400 hẹ́kítà. Ibi tí ilé-iṣẹ́ bá dé, òṣìṣẹ́ á wá ilé síbẹ̀. Ibi tí òṣìṣẹ́ bá sì ti ń wá ilé, ilẹ̀ á di wúrà. Lónìí, láti Agoè títí dé ọ̀nà Tsévié, òpó sìmẹ́ńtì làwọn èèyàn fi ń mọ ààlà. Láyé àtijọ́, igi ni.

Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ nìkan ló ń jẹ igbó yẹn run. Ilẹ̀ aládàáni ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹnìkan á ra lọ́ọ̀tì mẹ́rin, ẹlòmíràn á ra hẹ́kítà kan. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí olówó ilẹ̀ á ṣe ni kó ní kí wọ́n ṣán gbogbo rẹ̀, kí wọ́n fi iná sí i, kí wọ́n mọ ògiri yí i ká. Lẹ́yìn náà ilẹ̀ ọ̀hún á wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, nígbà tí wọ́n ń retí ọmọ tó wà l'Óyìnbó kó fowó ránṣẹ́. Kò di ilé, kò di oko, igbó tó sì jẹ́ tẹ́lẹ̀ ti lọ. Ẹ wo irú òfò bẹ́ẹ̀!

Ní òkè lọ́hùn-ún, ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ ogún ní Atakpamé, níbi tí àwọn Ifẹ̀-Ana ti ń sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni orírun wọn, àti ẹ̀yin ará Kambolé, ọ̀rọ̀ náà kàn yín ju tiwa ní Lomé lọ. Igbó díẹ̀ ṣì kù lọ́wọ́ àwọn ẹbí yín. Ẹlẹ́èédú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oníbàárà tó fẹ́ gbin tíìkì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èrò wa rèé, a ó sì sọ ọ́ láìfi bò: ẹni tó bá ní ilẹ̀, yálà ó rà á tàbí ó jogún rẹ̀, kó fi apá kan rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹran ìgbẹ́, fún ẹyẹ, fún oyin àti fún igi ìbílẹ̀, kó sì máa tọ́jú apá náà bí ẹni ń tọ́jú oko. Kí ẹgbẹ́ wa sọ ọ́ di ìpinnu. Kí àwọn olóyè wa jẹ́ aṣáájú rẹ̀.

OHUN TÍ ORÍLẸ̀-ÈDÈ YÌÍ TI RÍ

Àwọn kan á ní iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Ìjọba ló ni páàkì, ìjọba ló ni ọlọ́pàá igbó. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wo bí ìyẹn ṣe rí.

Láti ayé àwọn òyìnbó títí dé ẹ̀yìn òmìnira, bí wọ́n ṣe ń pààlà igbó ọba ni wọ́n ń lé àwọn èèyàn kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn. Kéran rí i. Fosse aux Lions lẹ́bàá Dapaong rí i. Wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má ṣe pa ẹran, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé igi, kí àgbẹ̀ má ṣe dá oko níbi tí bàbá rẹ̀ ti dá a. Bí erin bá jẹ oko ẹni, kò sí ẹni tó máa san án. Nígbà tí rògbòdìyàn òṣèlú bẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tí apá ìjọba kò ká ìlú mọ́, àwọn èèyàn padà wọ inú igbó yẹn tìbínú-tìbínú. Wọ́n pa ẹran, wọ́n gé igi, wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀. Ohun tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ bàjẹ́ láàárín àkókò díẹ̀. Àwa Yorùbá ń sọ pé, "Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí," ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ní Lomé kò rí fìrí náà rí. Òwe ni erin jẹ́ sí wọn.

A ò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lónìí. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ la ń wá. Ẹran tó bá jẹ́ ti ìjọba nìkan, ọ̀tá ló máa ń di fún ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí onílẹ̀ bá mọ̀ pé òun náà ní ìpín níbẹ̀, ó di dandan kó dáàbò bò ó. Namibia mọ èyí tipẹ́. Ní 1975 òfin ibẹ̀ fún àwọn olóko aládàáni láǹfààní láti jèrè nínú ẹran ìgbẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ wọn, ẹran sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i lórí àwọn oko wọ̀nyẹn. Nígbà tó di 1996, wọ́n fún àwọn ará abúlé tó ń gbé lórí ilẹ̀ àjùmọ̀ní nírú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Nítòsí wa níbí, ní 2017, UNESCO fọwọ́ sí agbègbè odò Mono tó wà láàárín Togo àti Benin gẹ́gẹ́ bí ibi tí èèyàn àti ẹranko ti jọ ń gbé. Abúlé wà nínú rẹ̀, oko wà nínú rẹ̀, ọjà wà nínú rẹ̀. Wọn ò lé ẹnikẹ́ni jáde kí wọ́n tó sọ pé ibẹ̀ ṣe pàtàkì.

OHUN TÍ ILẸ̀ ẸNÌKAN LÈ ṢE

Ìdí wà tí ilẹ̀ kékeré fi ṣe pàtàkì níhìn-ín ju ibòmíràn lọ. Igbó ńlá tó gba Liberia kọjá já ní Ghana, kò sì tún bẹ̀rẹ̀ dáadáa títí tó fi dé Nàìjíríà. Àárín ibi tó já yẹn làwa wà. Òjò Lomé kò tó 1,000 mílímítà lọ́dún. Nítorí náà, igbó tiwa ní gúúsù Togo àti gúúsù Benin, èékù-èékù ni: díẹ̀ létí odò, díẹ̀ níbi ojúbọ, díẹ̀ lẹ́yìn ilé olóyè. Ẹni tó bá pa hẹ́kítà méjì run níhìn-ín lè ti pa èyí tó kẹ́yìn ní àgbègbè rẹ̀. Ẹni tó bá sì tọ́jú hẹ́kítà méjì, ó ti ṣe ohun ńlá.

Ẹ wo Drabo-Gbo, abúlé kan ní Abomey-Calavi, kò jìnnà sí Cotonou. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Peter Neuenschwander, ará Switzerland, tó jẹ́ onímọ̀ nípa kòkòrò ní ilé-iṣẹ́ IITA, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ilẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 1995. Ilẹ̀ oko tó ti gbó, ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀, àti èékù igbó díẹ̀ ni ó bá níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí hẹ́kítà 14 lọ. Ó jẹ́ kí igbó náà padà, ó sì ń wá igi àti ewé tó ti fẹ́ parun ní ilẹ̀ Benin wá gbìn síbẹ̀. Lónìí, nǹkan bí 600 irú ewéko ló wà níbẹ̀. Ọ̀bọ kan tí ikùn rẹ̀ pupa, tí kò sí níbòmíràn lágbàáyé àfi ní àgbègbè tiwa yìí, láti Togo dé ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, rí ibi sá sí níbẹ̀. Hẹ́kítà 14! Ẹbí mélòó ní Atakpamé ni kò ní tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi kún un pé ọ̀gbẹ́ni yìí kan náà wà lára àwọn tó bá Hans Herren ṣiṣẹ́ nígbà tí kòkòrò funfun kan ń pa ẹ̀gẹ́ kiri ilẹ̀ Áfíríkà. Agbọ́n kékeré kan tí wọ́n mú wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1981, ló ṣẹ́gun kòkòrò ọ̀hún. Gààrí tí à ń mu lónìí, agbọ́n tí kò tó orí abẹ́rẹ́ dá sí i. Ẹni tó bá ń bèèrè pé kí ni kòkòrò inú igbó wúlò fún, kó rántí ìyẹn.

Ní Ìbàdàn fúnra rẹ̀, ilẹ̀ IITA jẹ́ nǹkan bí 1,000 hẹ́kítà. Nígbà tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1967, oko ló pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n fi èyí tó ju 300 hẹ́kítà lọ sílẹ̀, wọn ò fọwọ́ kàn án, igbó sì padà hù. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tó jọ ẹ̀gà, dúdú òun pupa, tí orúkọ Ìbàdàn wà nínú orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Kò sí níbòmíràn láyé àfi ní ilẹ̀ Yorùbá. Ilẹ̀ tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní géètì àti ẹ̀ṣọ́ ló gba ẹyẹ náà là. Bẹ́ẹ̀ géètì àti ẹ̀ṣọ́, kí ló tún pọ̀ tó wọn ní Zone Franche?

Àwọn oníléeṣẹ́ tó ń sọ pé iṣẹ́ ajé àti igbó kò lè gbé pọ̀, kí wọ́n lọ wo Lekki ní Èkó. Láti 1990 ni Nigerian Conservation Foundation ti ń tọ́jú hẹ́kítà 78 níbẹ̀, owó ilé-iṣẹ́ epo Chevron ni wọ́n sì fi ṣe é. Ilé àti ọ̀nà ti yí ibẹ̀ ká. Síbẹ̀ ọ̀bọ ń fò lórí igi, ọ̀nì wà nínú omi, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń san owó wọlé láti wò wọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òyìnbó ló kọ́ wa. Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, hẹ́kítà 75, tí UNESCO fọwọ́ sí ní 2005, àwọn baba wa ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n má ṣe gé e. Igbó mímọ́ Bè tó wà láàárín Lomé níbí, àwọn Ewe tó gbà wá lálejò ló dá a sí. Èyí tó kù nínú rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, ilé ti há a mọ́. Benin ti rí i pé èèwọ̀ nìkan kò tó mọ́. Ní 2012 wọ́n gbé àṣẹ jáde lórí bí wọ́n á ṣe máa tọ́jú igbó orò àti igbó vodun, kí ẹni tó bá fẹ́ tà á mọ̀ pé òfin ń wò ó.

BÍ A TI Ń ṢE É

Kì í ṣe pé kéèyàn kàn gbàgbé ilẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ tí a gbàgbé, iná ẹ̀ẹ̀rùn ló máa jẹ ẹ́, tàbí kí àwọn aládùúgbò sọ ọ́ di ààtàn. Ìtọ́jú ló ń fẹ́, àmọ́ kò gba owó gọbọi.

Iná ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Kí ọyẹ́ tó dé, kí onílẹ̀ ro etí ibi tó fi sílẹ̀ yípo, kó fẹ̀ tó ohun tí iná kò lè fò. Bí iná kò bá wọ ibẹ̀ fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ ó fojú ara yín rí ohun tó máa hù láìgbìn.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, kí á dá igi eléso tó ti dàgbà sí: ìyeyè, ọdán, ọ̀pẹ, àgbálùmọ̀, ìrókò, igi irú, àti igi emi lápá òkè. Ẹyẹ tó bá jẹ èso lórí ọdán, ibi tó bá ti yàgbẹ́ ni igi mìíràn á ti hù. Àdán tí àwọn ọmọ ń sọ ní òkúta ló ń tan èso ìrókò kiri lóru. Àgbẹ̀ tí kò gba owó oṣù ni wọ́n. Igi gíga bí àràbà ni igún ń yé sí. Àwọn àgbà ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, ṣùgbọ́n nígbà tó di 2015, igún wa yìí ti wọ ìwé àwọn ẹyẹ tó súnmọ́ ìparun jù lọ lágbàáyé. Ọjà Akodésséwa kò jìnnà sí wa. Orí ọ̀bọ, orí ọ̀nì, òkú ẹyẹ gbígbẹ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ sórí tábìlì níbẹ̀. A ò bá oníṣègùn jà, ìṣègùn jẹ́ tiwa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwọn baba oníṣègùn fúnra wọn gbọ́dọ̀ dáhùn: bí ẹni tó ń tà bá pọ̀, tí ẹni tó ń tọ́jú kò sí, kí ni ọmọ wọn máa fi ṣe oògùn lọ́la?

Tíìkì ńkọ́? Láti ayé àwọn Jámánì ni tíìkì ti wà ní Togo, owó sì wà nínú rẹ̀. Ẹ gbìn ín bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má pe oko tíìkì ní igbó. Ọ̀bọ kò rí nǹkan jẹ lórí rẹ̀, ewé rẹ̀ tó wọ́ sílẹ̀ sì máa ń gbiná kíákíá. Ẹni tó bá gbin hẹ́kítà mẹ́rin tíìkì, kó fi àlà igi ìbílẹ̀ sáàárín wọn àti sí etí odò.

Omi náà ńkọ́? Níbi tí ilẹ̀ bá ti rẹlẹ̀, tí omi ń dúró sí, kí á má ṣe dí i pa. Ìlú wa rí ìkún omi ní 2010, a mọ ohun tó fojú wa rí. Ọ̀gọ̀dọ̀ tí a fi èèsún àti koríko sílẹ̀ yí ká, ó ń gba omi òjò, ọ̀pọ̀lọ́ á wà níbẹ̀, lékèélékèé á máa bà síbẹ̀, ẹja kéékèèké á sì máa jẹ ìdin ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fọ́n oògùn apako sétí rẹ̀, ikú la ń fọ́n yẹn.

Paríparí rẹ̀, ọdẹ. Kò sí ẹni tó ní kí á má jẹ ẹran. Àmọ́ tàkúté onírin tó ń mú aboyún àtọmọ, oògùn tí wọ́n ń dà sódò, ìbọn òru oníná lójú, kí wọ́n kúrò lórí ilẹ̀ tí a bá fi sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹran ọ̀yà, ìmọ̀ bí a ṣe ń sin ọ̀yà nílé ti wà ní Benin àti Togo láti ọjọ́ pípẹ́. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa tí kò rí iṣẹ́ lọ kọ́ ọ. Kí wọ́n gbé ilé oyin sínú igbó náà pẹ̀lú, nítorí oyin ń mú owó wọlé láìgé igi.

ÀWỌN TÓ Ń BẸ̀RÙ

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ, ọ̀rọ̀ wọn kò sì jẹ́ ọ̀rọ̀ aláìmọ̀kan.

Àwọn kan bẹ̀rù ejò. Òótọ́ ni, ejò wà nínú igbó. Nítorí náà kí á ro àyíká ilé mọ́ tónítóní, kí igbó jìnnà sí ibi tí ọmọdé ń ṣeré. Ṣùgbọ́n eku ni ejò ń tẹ̀lé, ìdọ̀tí ni eku ń tẹ̀lé. Ilé tí ààtàn wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ wà nínú ewu ju ilé tí igbó wà lókèèrè rẹ̀ lọ. Òwìwí tí à ń lé bí àjẹ́ gan-an, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kó pa eku.

Àwọn kan ní ọ̀yà àti ọ̀bọ á jẹ oko àwọn run. Ó lè ṣẹlẹ̀. Nítorí náà kí ibi tí a fi sílẹ̀ má ṣe fara kan àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Kí àlàfo wà láàárín. Bí ọ̀yà bá sì pọ̀ kọjá, kí ẹbí jókòó, kí wọ́n fẹnu kò lórí ìgbà àti iye tí wọ́n lè pa, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdẹ ṣe là á sílẹ̀. Ìyẹn náà wà lára ìtọ́jú.

Èyí tó le jù nínú ìbẹ̀rù náà ni ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ tí kò bá sí nǹkan lórí rẹ̀, olè ilẹ̀ á tà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹbí mìíràn á wá jà sí i. Ẹni tó bá ń gbé Lomé mọ̀ pé kì í ṣe àlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣíṣán igbó kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ olè rí. Ìwé ló ń gbà á. Òfin ilẹ̀ tuntun ti wà láti 2018. Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ ṣe titre foncier wọn. Òfin igbó ti 2008 sì mọ̀ pé igbó lè jẹ́ ti Ìjọba, ó lè jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, ó sì lè jẹ́ ti aládàáni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá kọ ọ́ sínú ìwé pé igbó lòun ń tọ́jú lórí ilẹ̀ òun, tó fi ààlà sí i, tó fi pátákó síbẹ̀, tí olóyè àdúgbò sì mọ̀, ó ti ń lo ilẹ̀ rẹ̀. Kò fi í ṣòfò.

Ẹni tí kò ní ju lọ́ọ̀tì kan lọ á ní, kí ló kàn mí níbẹ̀? Ìwọ náà, igi kan lẹ́yìn ilé. Kí o má fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá. Ọgbà pèrègún dípò ògiri lápá kan. Ẹyẹ kò mọ lọ́ọ̀tì kan yàtọ̀ sí hẹ́kítà kan. Ohun tó ń wá ni ibi tó máa bà sí láàárín ibì kan àti ibòmíràn.

OHUN TÍ A Ń BÈÈRÈ

Ẹ̀yin olóyè wa, ẹ̀yin la kọ́kọ́ kọjú sí, torí ẹ̀yin ni wọ́n ń bá wá bí ilẹ̀ ẹbí bá fẹ́ di títà. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ yín rin ilẹ̀ náà. Ẹ wo ojú orísun omi, ẹ wo igbó ojúbọ, ẹ wo ìrókò àti àràbà tó ti wà kí wọ́n tó bí yín. Kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé títà pé àwọn wọ̀nyí kò sí lára ohun tí ẹ tà. Owó ilẹ̀ tí ẹbí pín lọ́dún yìí, á ti tán kí òjò méjì tó rọ̀. Bó bá jẹ́ pé àwọn tó jẹ oyè ṣáájú yín tà á tán, ilẹ̀ wo ni ẹ̀yin ìbá jókòó lé lórí?

Ẹ̀yin oníléeṣẹ́ Zone Franche, ìjọba dín owó orí kù fún yín kí iṣẹ́ lè pọ̀. A kò bínú sí i. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ẹ wà lórí rẹ̀ náà yẹ kó rí nǹkan gbà. Láàárín ògiri yín àti ilé ẹ̀rọ yín, àyè wà tí ẹ ò lò. Ẹ gbin igi ìbílẹ̀ síbẹ̀, kó má jẹ́ òdòdó ẹnu géètì nìkan. Ẹ dín oògùn apako kù. Ẹ jẹ́ kí èèsún hù létí kòtò omi yín. Àwọn tó wà létí òkun, ẹ yí iná yín kúrò lójú òkun lásìkò tí alábahun òkun bá ń yé, torí iná mànàmáná máa ń ṣi ọmọ wọn lọ́nà. Dípò kí wọ́n wọ omi, wọ́n á gba ọ̀nà títì. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín lè bá yín ṣe gbogbo èyí.

Ẹ̀yin tí ẹ máa wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa, ọ̀rọ̀ kàn yín. Nígbà tí a dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2019, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí a ti ṣe irú rẹ̀ gbẹ̀yìn. Kọmíìnù 117 ló wà nílẹ̀ yìí báyìí, mẹ́rìnlélógún wákàtí ni ilẹ̀kùn mérì sì fi sún mọ́ wa ju ti mínísítà lọ. Bí ẹ bá dé, a ó bi yín: igbó wo ló kù ní kọmíìnù yín, kí lẹ sì fẹ́ ṣe kó má baà parẹ́? Ẹni tí kò bá ní ìdáhùn, kó padà lọ wá a.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, a kò ní kí ẹ ṣe ohun tí ẹ ò lè ṣe. Ìmọ̀ràn tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ bá tó hẹ́kítà kan fi ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹgbẹ́ ní ìwé kan tí a ó máa kọ orúkọ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí. Kí àwọn ọ̀dọ́ máa lọ bá ara wọn ro etí rẹ̀ lọ́wẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Kí ẹ̀kọ́ nípa igi àti ẹyẹ, pẹ̀lú orúkọ wọn ní Yorùbá, wọ inú kíláàsì tí a ń ṣe fún àwọn ọmọ wa. Ọmọ tí kò mọ orúkọ igi kan, kò ní mọ̀ ọ́n lára bí wọ́n bá gé e.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ilẹ̀ ẹnìkan kò tó. Ṣùgbọ́n bí ti Atakpamé bá wà, tí ti Kambolé wà, tí ti Tsévié wà, tí lọ́ọ̀tì kéékèèké Adétikopé sì wà láàárín, ẹyẹ tó bá gbéra níbì kan á rí ibi bà sí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìpàdé gbogbogbò tó ń bọ̀ la ó ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ìdìbò. Kí ẹni tó bá ní ilẹ̀ mú ìwọ̀n rẹ̀ dání. Kí ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn mú àlàyé tirẹ̀ wá, a ó gbọ́ ọ. Àmọ́ kí ó tó di ọjọ́ náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti iná bọ ibi tó kù.